Bí a ṣe ń yan jíìgì fún ẹja crappie: ìwọ̀n rẹ̀, ìrù rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìpẹja ní gúúsù Amẹ́ríkà, láti Texas títí dé Tennessee, ẹ máa rí ògiri kan tó jẹ́ pé jíìgì, ìyẹn ìdẹ àtọwọ́dá, nìkan ló kún un láti òkè délẹ̀. Pupa, dúdú, pínkì, èyí tó ń dán wìnnìwìnnì, èyí tó ní àwọ̀ mẹ́ta lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á fẹ́ kó gbogbo rẹ̀. Owó lásán ni. Àwọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó, irú ìrù mẹ́ta tàbí mẹ́rin náà tó, bí ẹ bá ti mọ ìgbà tí kálukú wọn wúlò.

Ètò tí mo máa ń tẹ̀ lé rèé: jíjìn omi ló ṣáájú, eré ọkọ̀ ló tẹ̀ lé e, ìrù ló kàn, àwọ̀ ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá fi àwọ̀ ṣáájú, aṣọ ló ń pààrọ̀ fún ìdẹ tí ẹja kò tíì fojú kàn.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí, jíìgì ni ìwọ̀ tí wọ́n da òjé róbótó sí lọ́rùn, tí wọ́n wá fi rọ́bà rírọ̀ tàbí ìyẹ́ bò lára kó lè jọ ẹja kéékèèké. Crappie jẹ́ ọ̀kan lára ẹja odò àti adágún tí wọ́n fẹ́ràn láti dín ní apá ibẹ̀, ẹran rẹ̀ funfun, ó sì rọ̀. Ó pín sí méjì, funfun àti dúdú. Ẹ ka ẹ̀gún tó wà níwájú lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀: márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ti funfun, méje tàbí mẹ́jọ ni ti dúdú. Funfun máa ń fara da omi tó rú, dúdú fẹ́ràn omi tó tòrò tó sì ní koríko.

Àwọn adágún àríwá Mississippi ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, ìyẹn Sardis, Arkabutla, Enid àti Grenada. Ìjọba àpapọ̀ ló sé wọn láàárín ọdún 1940 sí 1954 kí àkúnya omi má baà gbé oko lọ. Nítorí bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń fa omi wọn sílẹ̀ nígbà ìwọ́wé, wọ́n á tún jẹ́ kó kún nígbà ìrúwé. Omi tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí kì í ní àwọ̀ kan náà fún oṣù méjì, ìyẹn ló sì mú kí ibẹ̀ dára fún kíkọ́ iṣẹ́ yìí. Crappie funfun tó tóbi jù tó wà nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé, pọ́n-ùn 5 àti áúnsì 3, nídìí ìdènà omi Enid ni wọ́n ti pa á lọ́dún 1957.

Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà wọ́ jíìgì

Èkíní, wọ́n á to ọ̀pá gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 16, síwájú ọkọ̀. Okùn á wọ omi lọ tààrà lábẹ́ ṣóńṣó ọ̀pá, ẹ́ńjìnnì oníbátìrì á wá máa rọra ti ọkọ̀ lọ. Spider rigging ni wọ́n ń pè é. Èkejì, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni okùn wà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 100 sẹ́yìn, ọkọ̀ á sì máa fà á lọ. Longlining nìyẹn. Jíìgì tó dára fún èkíní lè má wúlò rárá fún èkejì, nítorí eré wọn kò dọ́gba. Ẹ pinnu èyí tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó náwó.

Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ wọ omi, ẹ ka òfin ìpínlẹ̀ tí ẹ wà. Ẹ gba ìwé àṣẹ, kí ẹ sì wo iye ọ̀pá tí ẹnì kan lè lò, iye ìwọ̀ tó lè wà lórí okùn kan, àti bí ẹja ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó kí ẹ tó mú un lọ sílé. Òfin ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, kódà adágún kan lè ní òfin tirẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ kan náà.

1. Ẹ wá ibi tí ẹja dúró sí

Ojú crappie ga lórí rẹ̀, òkè ló sì máa ń wò bó bá fẹ́ jẹun. Á gòkè wá gbé ìdẹ tó ń kọjá lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni ìgbà tó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ tó ń fi ẹja hàn bá sọ pé wọ́n wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹ jẹ́ kí jíìgì yín kọjá ní 8 tàbí 9. Bó bá kọjá ní 12, ẹ lè fi wúrà ṣe é, wọn ò ní wò ó.

Nígbà ìrúwé, tí omi bá ti gbóná dé nǹkan bí 60 sí 68 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, wọ́n á wá sí etí bèbè láti yé ẹyin. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹnu odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ adágún àti etí ọ̀gbun ni kí ẹ máa wá wọn. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ, ẹ fi ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sí jíjìn tirẹ̀, 4, 6, 8, 10, kí ẹ wo èyí tí ẹja máa kọ́kọ́ fà.

2. Ìwọ̀n òjé àti eré ọkọ̀

Òjé ń fa jíìgì sísàlẹ̀, eré ọkọ̀ ń gbé e sókè, okùn tó nípọn náà sì ń gbé e sókè. Gbogbo ìṣirò tó wà nínú longlining kò ju èyí lọ. Ìwọ̀n mẹ́ta ni ẹ máa nílò: 1/32 áúnsì fún ibi tí omi kò jìn, 1/16 fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ (kò tó gíráàmù méjì), àti 1/8 nígbà tí ẹja bá sọ̀ kalẹ̀. Okùn pọ́n-ùn 6, ìyẹn èyí tó lè gbé pọ́n-ùn 6 kó tó já, dára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré máìlì kan ní wákàtí kan, kí ẹ wò ó lórí GPS, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn á ti ọkọ̀ sáré láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ tí omi tutù, ẹ dín in kù sí 0.7.

Ní ti spider rigging, 0.3 sí 0.6 ni eré tó wọ́pọ̀. Jíìgì 1/16 fúnra rẹ̀ kò wúwo tó láti dúró tààrà lábẹ́ ọ̀pá, ẹ̀yìn ló máa ń fì lọ. Ẹ lo òjé ẹlẹ́yin 1/2 áúnsì lórí okùn, kí jíìgì kan wà lókè rẹ̀, kí òmíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tó tọ́ kí gbogbo ẹni tó ń fa jíìgì lẹ́yìn ọkọ̀ mọ̀. Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ tààrà. Ẹ máa yà díẹ̀ sọ́tùn-ún, kí ẹ tún yà sósì. Bí ọkọ̀ bá yà sọ́tùn-ún, àwọn okùn ọ̀tún á falẹ̀, jíìgì wọn á sì rì díẹ̀. Àwọn ti òsì á yára, wọ́n á gòkè. Bí ẹja bá ń fa àwọn okùn inú kọ́nà lemọ́lemọ́, ó fẹ́ kí ẹ falẹ̀ tàbí kí ẹ sọ jíìgì kalẹ̀. Bó bá jẹ́ tìta ló ń fà, ẹ fi kún eré. Ẹ ti gbọ́ èsì nípa eré àti jíjìn láì tíì fọwọ́ kan àpótí àwọ̀.

3. Ìrù

Ẹ ti mọ eré tí ẹ máa sá, ẹ wá lè yan ìrù tó máa ṣiṣẹ́ ní eré yẹn. Ọ̀pọ̀ ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ra rọ́bà tó dùn-ún wò nínú páálí, wọ́n á fi í sínú omi ní eré 0.4, ìrù rẹ̀ á kàn dúró gbagidi bí igi.

Ìrù tó ká ni baba gbogbo wọn fún longlining. Ó tínrín, ó rọ̀, ó sì ń jó kódà bí ọkọ̀ bá falẹ̀. Bí irú kan ṣoṣo ni ẹ máa rà, ẹ ra èyí, kó gùn tó ínṣì 2.

Ìrù tó fẹ̀ pẹrẹsẹ ní ìparí nílò eré díẹ̀ sí i, ó kéré tán 0.8, ṣùgbọ́n bó bá ti gbéra, ó ń gbá omi gan-an. Ẹja ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tó fi ń mọ bí omi ṣe ń mì, nítorí náà ìrù yìí ló yẹ omi tó rú, níbi tí ojú kò ti fi bẹ́ẹ̀ ríran.

Ìrù tó tọ́ tó sì tínrín bí abẹ́rẹ́ kì í jó, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Spider rigging ni mo máa ń lò ó fún. Bákan náà ni èyí tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ìdí rẹ̀ sì gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: bí ọkọ̀ bá dúró, àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn á ṣì máa mì.

Ìyẹ́ ni fún òtútù. Bí omi bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 50 lórí Fahrenheit, rọ́bà á le, crappie náà á sì lọ́ra. Marabou, ìyẹ́ tó rọ̀ múlọ́múlọ́ tó jẹ́ pé ara tòlótòló ni wọ́n ti ń mú un báyìí, máa ń ṣí, á tún pa dé, láìjẹ́ pé ẹ mi ọ̀pá rárá.

Ẹ̀yà kan tún wà tí abala irin pẹlẹbẹ kékeré ń yí lábẹ́ orí rẹ̀. Road Runner ni orúkọ tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Irin yẹn ń kọ mànà, ó sì ń mú kí jíìgì gòkè díẹ̀. Bí ẹ bá fi rọ́pò jíìgì lásán tí ìwọ̀n wọn jọ dọ́gba, kò ní rì tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá àwọ̀ lẹ́bi.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ fò: kí okùn kọ̀ọ̀kan tó lọ sẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ mú jíìgì náà sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí ó wà nínú omi tó ínṣì 6, ní eré tí ọkọ̀ ń sá gan-an, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Ṣé ìrù ń ṣiṣẹ́? Ṣé ara rẹ̀ tọ́, àbí ó ń yí bírí? Bó bá ń yí, ẹ wọ rọ́bà náà ní wíwọ́ ni. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ na rọ́bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀, ẹ fi èékánná sàmì síbi tí ìwọ̀ ti yẹ kó jáde, kí ẹ tún un wọ̀, kí ìlà tó wà láàárín ẹ̀yìn rọ́bà wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ìwọ̀. Jíìgì tó ń yí á lọ́ okùn pọ̀, crappie á sì wò ó kọjá. Fún spider rigging, ẹ tún wo bó ṣe so rọ̀: kó sùn gbalaja bí ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́. Bí orí rẹ̀ bá gbé sókè tí ìrù sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti kókó okùn síwá-sẹ́yìn lórí ojú ìwọ̀ títí á fi dọ́gba. Bí ẹja bá fà á, tàbí tó há, kókó náà á ti kúrò láyè rẹ̀, ẹ tún un ṣe.

4. Ẹ wọn bí omi ṣe mọ́

Ó yá, ọ̀rọ̀ wá kan àwọ̀. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní èbúté léèrè àwọ̀ tó ń pa ẹja; á dá yín lóhùn, òótọ́ ló sì máa sọ, ṣùgbọ́n omi ibi tó ti pẹja àná lè má jọ ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ so jíìgì funfun mọ́ okùn, kí ẹ máa rọra sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níbi tí òjìji wà. Ibi tí ojú yín ti pàdánù rẹ̀ ni ìwọ̀n yín.

Bí ẹ kò bá rí i mọ́ kó tó dé ẹsẹ̀ bàtà kan, omi ti rú. Ẹ lo dúdú pẹ̀lú chartreuse, ìyẹn àwọ̀ ewé tó fẹ́ di ìyeyè tó sì ń tàn yòò. Ẹ lè lo àwọ̀ ọsàn, tàbí aró dúdú pẹ̀lú ìrù chartreuse. Ohun tí ẹ ń wá níhìn-ín ni kí àwọ̀ méjì takora, kí ẹja lè rí ibi tí ọ̀kan parí sí. Ẹ jẹ́ kí rọ́bà náà tóbi díẹ̀.

Láàárín ẹsẹ̀ bàtà kan sí mẹ́ta, bí ọ̀pọ̀ adágún gúúsù ṣe máa ń rí nìyẹn, chartreuse ṣì ni olórí, pẹ̀lú funfun tàbí pínkì. Pínkì àti chartreuse pọ̀ lára rọ́bà kan náà, ìyẹn gan-an ni mo máa kọ́kọ́ sọ sínú Grenada lóṣù kẹta, kí n tó mọ ohunkóhun nípa ọjọ́ náà.

Bó bá kọjá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tí ẹ ṣì ń rí i, bíi ti Bull Shoals tàbí Table Rock ní agbègbè Missouri àti Arkansas, ẹ gbé àwọ̀ tó ń pariwo jì. Ẹ lo eérú, funfun bíi péálì, rọ́bà tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá tó sì ní yẹ̀rì díẹ̀ (ìyẹn nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń dán wìnnìwìnnì), aró lẹ́yìn pẹ̀lú fàdákà nínú. Shad, ẹja pẹ́pẹ̀pẹ́ tí crappie ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ẹ dín rọ́bà kù sí ínṣì kan àbọ̀.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò le. Nínú omi tó tòrò, pupa ló kọ́kọ́ ń kú bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀; aró àti ewé ló ń jìnnà. Nínú omi tó rú, ó yí padà: ìdọ̀tí inú omi ń gbé ìmọ́lẹ̀ aró mì kíá, ewé, ìyeyè àti ọsàn ló ń ṣẹ́kù. Àwọn àwọ̀ tó ń tàn yòò, bíi chartreuse, tún ní àǹfààní pé wọ́n ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, wọ́n á sì dá a padà ní àwọ̀ tiwọn. Nítorí náà, jíìgì pupa fòò tó rẹwà lọ́wọ́ yín lè ti di eérú dúdú lójú ẹja ní ẹsẹ̀ bàtà 15. Kì í ṣe pé ó burú. Ẹ kàn mọ̀ pé dúdú ni ẹ ń fi pẹja.

5. Ojú ọ̀run

Ẹja tó ń wòkè, ojú ọ̀run ló fi ń ṣe ẹ̀yìn ìdẹ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ tàbí tí ìkùukùu bò, ohun dúdú ló ń hàn sí i jù: dúdú, elése àlùkò, aró dúdú. Tí oòrùn bá ti là, ẹ gbé yẹ̀rì àti àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá ru ojú omi sókè, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dínkù, ẹ padà díẹ̀ sí dúdú. Ìmọ́tótó omi ṣe pàtàkì ju èyí lọ. Bí méjèèjì bá takora, omi ni kí ẹ tẹ̀ lé.

6. Bí ẹ ṣe máa to àwọ̀ sórí ọ̀pá

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń tan ara wọn jẹ. Wọ́n á fi àwọ̀ mẹ́jọ sórí ọ̀pá mẹ́jọ, ẹja méjì á jáde lórí pínkì, wọ́n á sáré sọ gbogbo rẹ̀ di pínkì, ìwọ̀ á wá dákẹ́. Bóyá pínkì kọ́ ló pa ẹja. Bóyá ọ̀pá yẹn nìkan ló wà ní jíjìn tó tọ́.

Ká ní ẹ̀yin méjì wà nínú ọkọ̀, tí òfin sì gba ọ̀pá mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú àwọ̀ mẹ́rin péré: dúdú pẹ̀lú chartreuse, pínkì pẹ̀lú chartreuse, funfun, àti eérú tó ní yẹ̀rì. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan á ní ọ̀pá méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí jíjìn wọn má dọ́gba. Ìwọ̀n òjé kan náà, ìrù kan náà. Bí pínkì ọ̀tún bá ń mú ẹja tí pínkì òsì kò mú nǹkan kan, jíjìn ni ẹja ń sọ, kì í ṣe àwọ̀. Ẹ gbé àwọn ọ̀pá yòókù wá sí jíjìn yẹn, kí ẹ fi àwọ̀ wọn sílẹ̀ bó ṣe wà. Bó bá jẹ́ pé pínkì méjèèjì ló ń mú un, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní jíjìn kan náà sùn, àwọ̀ nìyẹn.

Nígbà náà, ẹ pààrọ̀ ìdajì, ẹ má pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ọ̀pá méjì ló gbọ́dọ̀ máa gbé ohun tó yàtọ̀ gedegbe títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń yí, ohun tí wọ́n fẹ́ ní aago méje lè má wù wọ́n mọ́ ní aago mọ́kànlá. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá pààrọ̀ àwọ̀, ìrù àti eré pọ̀, tí ẹja sì dé, ẹ ò ní mọ èyí tẹ́ ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn máa ń yọ ara wọn lẹ́nu lórí àwọ̀ orí òjé. Lójú tèmi, ara rọ́bà ló ṣe pàtàkì, àyàfi nínú omi tó rú, níbi tí orí ọsàn lórí rọ́bà dúdú ti ń fi kún ìtakora tí a ń wá.

7. Bí ẹja bá ti fà á

Ẹnu crappie fẹ́lẹ́, ó ń ya bíi bébà. Ẹ má fa ọ̀pá jàà. Ọkọ̀ tó ń rìn ti fi ìwọ̀ kọ́ ọ, kí ẹ kàn gbé ọ̀pá, kí okùn má dẹ̀, kí ẹ sì fi àwọ̀n gbé e nígbà tó bá dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ìwọ̀ tí wáyà rẹ̀ tínrín ni kí ẹ lò, nítorí kùkùté pọ̀ nísàlẹ̀ àwọn adágún yìí; bó bá há, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀ á nà, á sì bọ́, ẹ wá fi pílíásì tẹ̀ ẹ́ padà.

Tí ẹ bá délé, ẹ má da rọ́bà aláwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀ sínú àpótí kan. Dúdú á ṣí sára funfun, chartreuse á gba àwọ̀ pupa, kì í sì í fọ̀ kúrò. Ẹ dá kálukú wọn padà sínú ọ̀rá tí ẹ bá wọn nínú rẹ̀, nítorí àwọn rọ́bà kan tún máa ń yọ́ mọ́ àpótí tó le. Àwọn tí a fi ìyẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa kí ẹ tó pa ìdérí dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ̀ á dípẹtà.